Àpótí Tó Wà Láàárín Orúnkún Màmá Mi

Ohun kan wà láyé yìí tí mo mọ̀ pé tèmi ni, tí ẹnikẹ́ni kò bá mi dù rí. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ilé. Àpótí ìjókòó kékeré kan ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó máa ń wà láàárín orúnkún màmá mi ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Odode, ní Ìdànrè, níbi tí àpáta ti kọjú sí wa, tí àwọn aládùúgbò ń sá kòkó sí ẹsẹ̀ àpáta náà. Orí àpótí yẹn ni mo dàgbà sí. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń kó irun mi láti ìgbà tí mi ò tíì lè so bàtà ara mi, títí mo fi jáde ilé ìwé gíga, títí mo fi di òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Bí mo bá wálé lọ́jọ́ Sátidé, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tán tí mo fi ń wá àpótí mi.

Ẹ wá wo Sátidé kan tí mo wálé, tí mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sẹ́yìn, tí mo bá ìyàwó àbúrò mi lórí rẹ̀.

Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó gbé orí ti itan màmá mi, ó pajú dé bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù tó dùn. Màmá mi ń fi òwú dúdú yí irun rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín nípa nǹkan kan tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé.

"Ẹ káàbọ̀, Eyínfúnjowó mi," ni ìyàwó wí. Kò dìde. Báwo ni yóò ṣe dìde? Màmá mi ti di irun rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ yẹn, torí ó wà lára ohun tó ń dùn mí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Ẹni tó bá bá nílé ti jù ú lọ, àfi kó wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó pe òmíràn ní Ìbàdíàrán. Nígbà tó kàn mí, ó wò mí látòkè délẹ̀, eyín ló rí yìn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ká ní irun mi ṣeé yìn ni, irun ni ì bá yìn.

Kí n má parọ́, irun mi le. Bíi kànìnkànìn gbígbẹ ló rí, òòyà tó bá wọ inú rẹ̀ lè fi eyín sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ra rílásà, irun wọn ń nà dé èjìká, wọ́n ń jù ú sọ́tùn-ún sósì tí a bá ti bọ́ síta géètì. Mo sọ fún màmá mi pé èmi náà fẹ́. Ó ní òun kò ní fi nǹkan tó ń bó èèyàn lórí sí orí ọmọ òun. Tíṣà ni màmá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí kò ní ìlànà fún. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú ló fi ń fọ irun. Bó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, yóò yọ́ òrí pọ̀ mọ́ òróró àgbọn, yóò fi pa á dáadáa. Yóò là á, yóò mú un ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, yóò fi òwú dì í le ní ìdí, yóò wá yí òwú náà lọ dé ìparí kí irun má ráyè ká jọ. Èèyàn á sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí o bá tú u láàárọ̀, irun á ti nà gbọọrọ, á máa dán, á rọ̀ lọ́wọ́, bí o bá sì ń fi síkáfù wé e lálaalẹ́, á wà bẹ́ẹ̀ títí Sátidé mìíràn á fi dé. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí kẹ́míkà, òwú kan ṣoṣo sì ń bá wa dé ọ̀nà tó jìn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù, mo lè ṣe ohun tó wù mí sí orí mi. Mi ò ṣe é. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń bi mí pé ta ló bá mi na irun, mo máa ń dáhùn pé màmá mi ni, inú mi a sì máa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe irun nìkan ni mo sì ń gbà lórí àpótí yẹn. Bí èèyàn bá kẹ̀yìn síni, ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn láti sọ. Ibẹ̀ ni màmá mi ti sọ fún mi pé àìsàn bàbá wa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bọ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi náà ti sọ fún un nípa ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ibẹ̀ náà sì ni mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́. A ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójúkojú rí.

Ẹ ti wá rí ìdí tí ara mi fi gbóná.

"Mọ́mì, ẹ kúuṣẹ́," ni mo wí. Mo retí kó sọ fún ìyàwó pé kó dìde, ẹni tó ni ín ti dé.

"Ìrẹsì wà nínú kúlà," ni màmá mi wí. "Lọ jẹun."

"Irun tèmi ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó na àwọn ìka rẹ̀, ó ká wọn padà díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ yìí ò rí bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Oríkèé ń ro mí. Orí kan ló lè kó lọ́sẹ̀ kan báyìí, ìyàwó rẹ ló sì ti gba tọ̀sẹ̀ yìí."

Ìyàwó mi, àbí? Lóòótọ́, nílé tiwa, ìyàwó àbúrò mi, ìyàwó èmi náà ni, èmi sì ni ọkọ rẹ̀. Àṣà yẹn dára nígbà tó bá ń bá mi gbé omi wọ ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ìyàwó kankan lórí àpótí yẹn. Òrogún ni mo rí.

Mo lọ jẹ ìrẹsì. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ká ní ẹ yẹ àyà mi wò lọ́jọ́ náà, egungun lásán lẹ máa bá níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìyàwó yìí ò ṣẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló burú. Ó rọrùn láti kórìíra ẹni tó bá ń yájú síni. Ọmọ Atosin tó wà nítòsí wa ni, ó kàwé bí mo ṣe kàwé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní ilé ìwé kan ní Odode, ọkọ rẹ̀ wà l'Ékòó níbi iṣẹ́, òun sì ní òun ò ní fi ìyá ọkọ òun sílẹ̀ lóun nìkan. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Irun rẹ̀ sì rọ̀ láti ọ̀run wá. Síbẹ̀, kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń se ilá títí yóò fi yọ̀, yóò sẹ́ omi rẹ̀, yóò fi omi náà pa irun. Ó ní ó ń jẹ́ kó jọ̀lọ̀, kò sì náni lówó. Mo sọ fún un pé nílé tiwa, ẹnu la fi ń jẹ ilá. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún wálé, mo bá omi ilá lórí màmá mi. Màmá mi, tí kò gbà kí n fi rílásà kan orí, jókòó pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lórí, ó ní, "Fọwọ́ kàn án wò. Ó mà rọ̀ o."

Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní màá gbọ́n ju ìyàwó lọ. Dípò Sátidé, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo wọlé, mo tiẹ̀ ti ra òwú tuntun dání. Ìyàwó jáde wá pàdé mi pẹ̀lú òwú yíká orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ní, "Ọwọ́ Mọ́mì yá gágá lánàá, la bá yáa ṣe é." Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo fún un ní báàgì, mo fi òwú pamọ́ sí àpò.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn, mo tẹ màmá mi láago láti Àkúrẹ́ kí n lè gba àyè sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rí dókítà.

"Ọ̀rọ̀ irun lo torí ẹ̀ pè mí?" ni màmá mi wí. "O ò tiẹ̀ béèrè bí oríkèé mi ṣe ń ṣe."

Mo ní oríkèé ńkọ́. Ó ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n ṣe sùúrù, ó ku díẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ku díẹ̀, mi ò sì béèrè, torí inú ti ń bí mi.

Nígbà tí mo délé ní Sátidé yẹn, ìyàwó ló tún wà lórí àpótí. Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo ń wò wọ́n bí ọlọ́pàá. Màmá mi á fa ìdìpọ̀ kan, á ní, "Báyìí ńkọ́?" Ìyàwó á ní, "Ó le jù, mà." Màmá mi á dẹ̀ ẹ́. "Báyìí?" "Ó dáa báyìí, mà." Wọ́n á tún mú òmíràn. Báyìí ńkọ́? Ó dẹ̀ jù, mà. Báyìí?

Ẹ gbà mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó síbẹ̀ láti kékeré, màmá mi ò bi mí rí pé báyìí ńkọ́. Bí mo bá sunkún, ó máa ń fi ẹ̀yìn òòyà gbá mi lórí, á ní kí n gbé orí sókè. Ṣé orí ẹyin ni ìyàwó ní, tí tèmi sì jẹ́ orí òkúta? Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì rí i dájú pé wọ́n gbọ́ bó ṣe dún.

Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, mo pinnu pé màá fi hàn wọ́n. Ṣé wọ́n rò pé ọwọ́ màmá mi nìkan ló lè na irun ni? Mo wá onídìrí kan tí àwọn ará ọ́fíìsì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ fẹ́ irun mi gbẹ, ó fi irin gbígbóná nà án, òórùn irun sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Iye tó gbà lọ́wọ́ mi, mi ò ní sọ ọ́ fún màmá mi títí ayé. Àmọ́ nígbà tó fún mi ní dígí, mi ò mọ ara mi mọ́. Irun mi sọ̀kalẹ̀ kan ọrùn. Mo mi orí, ó tẹ̀lé mi. Onídìrí ní kí n ṣáà ti má jẹ́ kí omi kàn án. Mo ní omi kẹ̀? Oòrùn mà ń ràn.

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìdànrè, mo gun ọ̀kadà, mo jókòó gíga kí gbogbo ìlú lè rí mi. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ: Mọ́mì, ẹ sinmi ọwọ́ yín, mi ò nílò àpótí mọ́. Àmọ́ òjò Ìdànrè kì í kéde. Ẹ̀yìn àpáta ló máa ń sá pamọ́ sí, nígbà tí o bá fi máa gbúròó rẹ̀, ó ti dé orí rẹ. Ọlọ́kadà ò rí ibi kankan yà sí. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo ohun tí irin ṣe ti bàjẹ́. Mo ń gbọ́ bí irun mi ṣe ń súnkì, ó ń padà sílé rẹ̀ lórí mi.

Màmá mi wò mí. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, kò lè pa á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èdè Ìdànrè ló bọ́ sí, èyí tí kì í sọ sí wa àfi tí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín tàbí tó bá dùn ún gan-an. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó sáré mú táwẹ́ẹ̀lì wá, ó bò ó mọ́ mi lórí.

"Gbé àpótí, kó o jókòó," ni màmá mi wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé àpótí. Orí mi wà lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, mi ò ríran dáadáa, àmọ́ mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ lójú dídì. Mo jókòó. Mo gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn mi, orúnkún méjì gbá mi mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì nu orí mi, wọ́n fi òrí tó ti yọ́ pa á, òórùn àgbọn gba imú mi. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wá láti ẹ̀yìn etí òsì, níbi tí màmá mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìka kan kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ pé kí n yí orí, bí màmá mi ṣe máa ń ṣe. Òwú fà, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Òjò ti dá, oòrùn yọ sórí àpáta, ó ń dán. Mo pajú dé. Mo ti borí.

Bí mo ṣe kẹ̀yìn sí i báyìí, ẹnu mi là.

"Mọ́mì," ni mo wí, "mo rò pé ẹ ti fi mí sílẹ̀ ni. Ìyàwó yẹn ti gba àyè mi lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ ń bi í pé ṣó ń dùn ún. Ẹ ò bi èmi rí. Bí mo bá rí i lórí àpótí yìí, bíi kí n tì í ṣubú ló máa ń ṣe mí."

Ọwọ́ tó wà lórí mi dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí níwájú mi, màmá mi sì jáde pẹ̀lú àgbàdo sísè méjì nínú abọ́.

Mo wo màmá mi. Mo wo orúnkún tó wà lọ́tùn-ún mi. Mi ò lè yíjú padà, wọ́n di irun mi mú.

"Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó mi," ni ìyàwó wí lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀ pé èmi ni."

Màmá mi fa àga, ó jókòó, ó gé àgbàdo jẹ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Ọwọ́ mi ń lọ," ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. "Ta ló máa máa kó irun rẹ bí ọwọ́ yìí kò bá lè ṣe é mọ́? Mo ní láti kọ́ ẹnì kan. Orí tirẹ̀ náà ni mo sì ní láti fi kọ́ ọ. Ẹni tí òwú ò fà lórí rí, kò lè mọ ibi tó yẹ kó dúró lórí ẹlòmíì. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ èmi?"

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí mo bá kọ́ ẹ, ṣé ìwọ lo máa kó ẹ̀yìn orí ara rẹ ni?" Ó jẹ àgbàdo díẹ̀ sí i. "Àti pé gbogbo ìgbà tó o fi jókòó síbẹ̀, àpáta lò ń wò. O ò yíjú wo ọwọ́ mi rí."

Ó yẹ kí inú mi rọ̀, mo mọ̀. Nítorí mi ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo rẹ̀. Àmọ́ owú kì í gbọ́ àlàyé. Wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Èmi ni màmá mi bí, mo jogún irun líle, ìyàwó sì jogún ọwọ́. Bí màmá mi bá lọ lọ́la, ọwọ́ yẹn á ṣì wà láyé, àmọ́ ara ọmọ ẹlòmíì ni màá ti máa wá a. Mo ṣáà jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó fi kó o tán, ó sì dára.

Nígbà tó tú mi sílẹ̀, mo dìde, mo ti àpótí sí iwájú màmá mi.

"Ẹ̀yin ló kàn," ni mo wí. "Èmi ni màá kó tiyín."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó á máa sọ fún mi."

Màmá mi wo ìyàwó, ìyàwó wo ilẹ̀. Màmá mi bá di orúnkún rẹ̀ mú, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí àpótí, ó tú gèlè, ó kẹ̀yìn sí mi.

Mi ò rí ẹ̀yìn orí màmá mi rí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé orí mi fún un, òun ló ń rí tèmi. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti fọ́nká, ní àárín gbùngbùn awọ orí hàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti ọmọ tuntun. Ó kéré lórí àpótí yẹn. Mo fi òrí pa á. Mo mú ìdìpọ̀ kan lẹ́yìn etí òsì, mo fi òwú dì í ní ìdí, mo fà á bí mo ṣe rò pé ó yẹ. Èjìká màmá mi gbéra díẹ̀.

Ìyàwó fọwọ́ kan ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn.

"Ẹ rọra níbẹ̀ yẹn," ló rọra wí sí mi létí. "Ibẹ̀ máa ń dùn wọ́n."

Mo dẹ òwú náà. Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti jowú ìyàwó, ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù.